Odídẹrẹ́ Gbèjà Ẹkùn

Àlọ́ o. Ẹ dáhùn, ẹ̀yin ọmọ.

Àlọ̀ o.

Àlọ́ mi dá lórí Odídẹrẹ́, agbẹjọ́rò Ẹkùn olóko. Ẹtu, òṣìṣẹ́ Ẹkùn, sọ pé abẹ́ ibòji làwọn eléèékánná ti ń ṣiṣẹ́ lóko Ẹkùn, inú oòrùn sì làwọn ẹlẹ́sẹ̀ pátákò wà. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, Ẹkùn lé e dànù.

Ẹtu rojọ́ níwájú Erin adájọ́. Odídẹrẹ́ ní, “Ọ̀lẹ ni Ẹtu.” Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ́rìí gbe Ẹtu, Odídẹrẹ́ já a nírọ́. Ìgbín jẹ́rìí, ó já òun náà nírọ́. Ẹkùn jàre.

Nírọ̀lẹ́, Odídẹrẹ́ dá orin tí Ẹtu máa ń léwájú ègbè rẹ̀:

“Mo sọ ọ́, ó dùn.”

Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó tún un dá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹkùn ti sùn.

Ló bá fohùn Ẹtu gbè é fúnra rẹ̀: “Tere nà.”

Àlọ́ mi parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn, ẹ ṣeun.