Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ Ilé Díákónì

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ díákónì nínú ìjọ rẹ̀, ó sì kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá arúgbó kan. Ilé alámọ̀ ni ilé ìyá, ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Díákónì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tirẹ̀, ó sì fi páànù tuntun bò ó. Ó ní kí káfíńtà jẹ́ kí etí páànù náà yọ síta dáadáa, kí oòrùn má baà máa wọ fàráńdà tó kọjú sí ilé ìyá. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti rọ̀, ẹsẹ̀ ògiri ìyá ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ páànù ń dà sí.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé orí ilẹ̀ ẹni ló yẹ kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ẹni máa bọ́ sí. Díákónì náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kò sọ̀rọ̀, òun náà kò sì wo ibẹ̀.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí òjò bá ti dá, á bu ọbẹ̀ sínú abọ́, á gbé e lọ fún ìyá. Ó ra kúbùsù fún un nítorí otútù. Nígbà tí ìyá ń wúkọ́, ó ra oògùn, ó sì gbàdúrà. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹsẹ̀ ògiri náà, ó po amọ̀ fúnra rẹ̀, ó fi rẹ́ ẹ. Òjò tó tẹ̀lé e wẹ amọ̀ náà lọ. Nínú ìjọ, òun ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Ìyá ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lẹ́yìn oore kọ̀ọ̀kan, á wá sí ẹnu ọ̀nà díákónì. "Díákónì, o kú àná o. Olúwa á tọ́jú ìwọ náà." Ọkàn díákónì balẹ̀. Ó rò pé ẹni tó ń kí òun kú àná kò lè ní ìkùnsínú sí òun.

Òjò ńlá kan wá rọ̀. Díákónì gbé ọbẹ̀ lọ bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá kò wá. Inú bí i díẹ̀.

"Àbí ìyá yìí ti gbàgbé ni? Ẹran ìgbẹ́ ni mo gbé fún wọn o!"

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ní sùúrù," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bóyá wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Eyín mélòó ló kù níbẹ̀?"

Díákónì lọ wò ó. Ìyá jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògiri yàrá rẹ̀ ti là láti ìsàlẹ̀ dé fèrèsé. Abọ́ ọbẹ̀ wà lórí ẹrù, kò tíì ṣí i.

"Yé, Màmá! Ẹ má dààmú. Ẹ wá sùn nílé mi."

"Díákónì, mo ti kí ọ kú àná títí, ó ti sú ẹnu mi. Ilé tèmi ni mo fẹ́ sùn sí. Wá jókòó síbi tí mo jókòó sí yìí, kí o wòkè."

Ó jókòó. Láti ọjọ́ tó ti ń gbé ọbẹ̀ wá, kò jókòó síbẹ̀ rí. Ó wòkè, kò rí ojú ọ̀run. Etí páànù rẹ̀ ló rí. Omi ṣì ń kán láti ibẹ̀, ó ń bọ́ sínú kòtò tó ti gbẹ́ sí ẹsẹ̀ ògiri ìyá.

Kò gbàdúrà, kò sì sunkún. Ó lọ pe káfíńtà. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gé etí páànù náà, wọ́n sì kan gọ́tà mọ́ èyí tó kù, kí omi lè máa lọ sí àgbàlá díákónì. Láti ọjọ́ náà, oòrùn ń wọ fàráńdà díákónì. Ìyàwó rẹ̀ kùn pé ẹrẹ̀ ti gba ibi tí òun ń sá aṣọ sí. Lẹ́yìn èyí ni díákónì wá tún ògiri ìyá mọ, ògiri náà kò sì là mọ́.

Òjò míràn rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ń gbá iwájú ilé rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Mo sùn," ni ìyá wí, ó ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Kò kí i kú àná. Díákónì rẹ́rìn-ín. A kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ wa.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, Kristẹni ni ọ́, mo sì mọ̀ pé o lawọ́. Ṣùgbọ́n kí o tó bu ọbẹ̀ fún aládùúgbò rẹ, kọ́kọ́ lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí o wo ibi tí omi ilé rẹ ń dà sí. Bó bá jẹ́ ara ògiri rẹ̀ ni, gé páànù rẹ. Olúwa kò ní gba ọbẹ̀ dípò rẹ̀. Bí o bá ti gé e tán, ìgbà náà ni kí o wá gbé ọbẹ̀ lọ.