Orúnkún Afòmátètèbalẹ̀

Ní ìlú Òkè-Ìpà, kò sẹ́ni tí kò mọ Oyèkànmí Ládèjọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Olóyè Jagun, ló sì tọ́ ọ dàgbà. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti ga ju gbogbo ọkùnrin agboolé wọn lọ. Ọ̀gá Fádípẹ̀, tó ń mójú tó eré ìdárayá nílé ìwé wọn, ló rí i lọ́jọ́ kan tó kàn na ọwọ́ sókè tó sì fi kan àjà kíláàsì. Ọjọ́ náà ló mú un lọ sídìí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n tó wà lókè.

Gíga nìkan kọ́ ló yà á sọ́tọ̀. Bí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jọ fò, àwọn yẹn á ti balẹ̀ tán, òun á ṣì wà lókè. Bí ìlú ṣe sọ ọ́ ní Afòmátètèbalẹ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ kan ní Èkó ló kọ́kọ́ gbà á. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí ilẹ̀ Gíríìsì, ó sì tún lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe é níṣẹ́. Bí wọ́n bá ń fi ìdíje rẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ilé Olóyè Jagun á kún dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá ti fò, tó fi ọwọ́ méjèèjì ki bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n, Olóyè Jagun fúnra rẹ̀ á dìde lórí àga, á ní, "Ọmọ mi nìyẹn! Ẹ wò ó lókè!"

Ohun tí wọn kò rí ni yàrá tí Oyèkànmí máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìdíje, tí á ki orúnkún méjèèjì bọ omi yìnyín. Ní ọdún kẹfà, nǹkan já nínú orúnkún ọ̀tún. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà sórí pápá. Kò pẹ́ tí ti òsì náà tẹ̀ lé e. Àgbà agbábọ́ọ̀lù kan nínú ẹgbẹ́ wọn ti kìlọ̀ fún un pé, "Má sọ pé ó ń dùn ọ́ o. Ọjọ́ tí o bá sọ ọ́ ni ẹlòmíràn máa wọ ẹ̀wù rẹ." Ó gba ìmọ̀ràn náà títí ó fi di bárakú. Nígbà tó máa fi fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti la orúnkún rẹ̀, ará ilé kan kò sì gbọ́.

Ó padà sí Òkè-Ìpà, wọ́n sì fi ayọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n kò ju oṣù kan lọ tí ìkùnsínú fi bẹ̀rẹ̀: Oyèkànmí kì í dọ̀bálẹ̀. Bó bá dé iwájú àgbà, á kàn tẹ orí ba, á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó dun Olóyè Jagun ju ẹnikẹ́ni lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pè é jókòó.

"Oyèkànmí, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, Baba."

"Àbí wọ́n ti sọ fún ọ lọ́hùn-ún pé kí o má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́?"

"Ẹ má bínú, Baba."

Bàbá náà retí kó ṣàlàyé. Oyèkànmí tún tẹ orí ba, ó sì jáde.

Nígbà tó yá, Oyèkànmí bẹ ẹbí pé kí wọ́n fún òun ní ilẹ̀ wọn tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, kí òun fi ṣe pápá, kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní bọ́ọ̀lù. Ẹbí péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Olóyè Jagun lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Láòyè, tí í ṣe igbákejì Olóyè nínú ẹbí, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹni tí kò lè fi àyà kanlẹ̀ fún wa, ilẹ̀ wo ló ń tọrọ lọ́wọ́ wa?"

Ẹnikẹ́ni kò dá a lẹ́kun. Oyèkànmí wo Olóyè Jagun. Bàbá náà gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ló bá dìde, ó di ara ògiri mú, ó sì rọra na ara rẹ̀ gbọọrọ sórí sìmẹ́ǹtì. Gbogbo wọn gbọ́ nígbà tí orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ tó dá.

"A ti gbà. Dìde, ọmọ mi," ni Olóyè Jagun wí.

Kò mira.

"Mo ní kí o dìde."

"Mi ò lè dìde, Baba."

Láòyè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rí òógùn tó ń kán láti iwájú orí Oyèkànmí, ló bá pa ẹnu dé. Ọkùnrin méjì gbé e, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Nígbà tí wọ́n ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, àpá abẹ bo orúnkún méjèèjì, wọ́n sì ti wú.

"Èé ṣe tí o ò sọ fún wa?" Ohùn Olóyè Jagun ti yí padà.

"Níbi iṣẹ́ tí mo ṣe, Baba, ẹni bá sọ ìrora rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ mọ́."

"Gbogbo ìgbà tí o bá fò, ariwo tèmi ló máa ń pọ̀ jù."

"Òkè lẹ ti rí mi, Baba. Èmi nìkan ni mo mọ bí mo ṣe ń balẹ̀."

Olóyè Jagun ṣí fìlà. Ó fi ọwọ́ ti àga, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà.

"Láti òní lọ," ló wí, "ìdúró ni kí o ti máa kí mi. Ẹni tó bá bi ọ́ léèrè, ní kó wá bi mí."

Wọ́n fún un ní ilẹ̀ náà, ó sì ṣe pápá síbẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ fò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ó tì. Oṣù kan gbáko ló fi kọ́ wọn bí a ṣe ń balẹ̀. Olóyè Jagun sì ń ròyìn ọ̀sán ọjọ́ yẹn fún gbogbo àlejò tó bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ náà fi kúrò ní ti agboolé kan. Ní Òkè-Ìpà títí di òní, bí wọ́n bá gbọ́ tí ẹnìkan ń jowú ẹni tó wà nípò gíga, tàbí tó ń dá a lẹ́jọ́ láìmọ ohun tó là kọjá, àwọn àgbà á mi orí, wọn á ní: ẹni tó fò sókè ló mọ bí ilẹ̀ ṣe le tó.