Rìmóòtù Tó Wà ní Pálọ̀

Ọkùnrin kan wà tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ti òun bí òun bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ó kọ́ ilé tó dára. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti ń dàgbà síbẹ̀, ó sì lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti abúlé nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá náà kò gbé e mọ́. N kò bá a wí lórí èyí. Ohun tó yẹ kí ọmọ ṣe ló ṣe.

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà nígbà yẹn, pálọ̀ ló sì wà. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Wọ́n á gbé ìyá wá sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí ọkùnrin yìí bá ń wo bọ́ọ̀lù, ìyàwó rẹ̀ á ní kí àwọn gbọ́ ìròyìn díẹ̀. Àwọn ọmọ á máa fẹ́ eré tiwọn. Ìyá kì í sọ nǹkan kan, àmọ́ bí wọ́n bá ń yí ìkànnì lọ tí wọ́n sì kọjá níbi tí wọ́n ti ń kọrin ìjọ, ó máa ń na ọrùn. Ọmọ rẹ̀ á rí i. Á kùn, àmọ́ á fi í sílẹ̀ fún un.

Ìgbà tó yá, ọ̀rọ̀ yìí sú u. Ó ní òun kò lè máa bá èrò du tẹlifíṣọ̀n nínú ilé tí òun fi òógùn òun kọ́. Ó pe oníṣẹ́ kan tó ń ṣe díìṣì. Oníṣẹ́ náà wo ilé yíká, ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Ó ní bí wọ́n bá fi dẹkódà sí yàrá kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù á máa wo ohun tó wù ú. Ó ní wọ́n sì lè fa wáyà láti ara dẹkódà tó wà ní pálọ̀ lọ sí gbogbo yàrá, ṣùgbọ́n ohun tí pálọ̀ bá ń wò ni gbogbo ilé á máa wò.

Ọkùnrin náà ní, "Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí o ṣe."

Owó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ohun tí oníṣẹ́ fi kìlọ̀ fún un gan-an ló dùn mọ́ ọn nínú. Fi èyí sọ́kàn, torí àwọn kan lè sọ fún ọ pé kò mọ̀ ni. Ó mọ̀.

Wọ́n fa wáyà gba inú àjà. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sí yàrá ìyàwó, sí ti àwọn ọmọ, sí ti ìyá. Inú gbogbo ilé dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tò wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe, àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan dọ̀bálẹ̀. Ìyá ní tirẹ̀ dúpẹ́ nígbà tí ọmọ rẹ̀ wá kí i ní yàrá, kò sì fi mọ sí ọjọ́ yẹn. Bí ọmọ bá ti wá kí i láàárọ̀, ìyá á tún dúpẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á sì wúre fún un. Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọpẹ́ náà. Bí ẹnìkan nínú ilé bá gbàgbé, á bi í pé ṣé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. O mọ ohun tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń wá.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ ohun tí wọ́n gbà. Ọmọ á máa wo eré, eré á di bọ́ọ̀lù lójijì. Ìyá á máa gbọ́ ìwàásù, oníwàásù á pòórá, àwọn tó ń ja ìjàkadì á dé. Ìyá rò pé òun ló tẹ nǹkan tí kò yẹ. Ó ń bẹ ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé kí ó má bínú, pé ọwọ́ òun ló ṣì í tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe ju kí ó tan tẹlifíṣọ̀n, kí ó pa á, tàbí kí ó dín ohùn rẹ̀ kù. Ìyá tó bí ọmọ ń tọrọ àforíjì fún ohun tí ọmọ náà ṣe, ọmọ sì wà ní pálọ̀ tó gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Ìyá yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní abúlé. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ìyá ti kọṣẹ́, wọn kò fojú kan ara wọn. Ẹ̀gbọ́n yìí ni ìyá ìjọ níbẹ̀. Ìròyìn wá dé pé tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ máa fi ìkórè ìjọ náà hàn ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àti pé ẹ̀gbọ́n ni yóò ṣáájú àwọn ìyá jó wọlé. Gbogbo òwúrọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá fi rán ọmọ rẹ̀ létí.

Ó ní, "Ọkọ mi, bá mi fi ọ̀sán Àìkú yẹn sílẹ̀ o. Mo fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n mi."

Ọmọ ní, "Kò sí wàhálà, Màmá."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ìyá ní kí wọ́n tètè wẹ òun. Ó ní kí wọ́n wé gèlè funfun fún òun. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bi í pé ta ni yóò rí i nínú yàrá. Ó ní òun ń lọ sí ìkórè. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ìwé orin lé itan. Orin bẹ̀rẹ̀. Ó mọ àwọn fèrèsé ilé ìjọsìn náà, ó ń dárúkọ àwọn tó ń rí. Ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ìyá tò sí ẹnu ọ̀nà, ìyá na ọrùn. Bọ́ọ̀lù ló dé.

Àwọn ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà ló ti wá sí pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ sáré lọ bá wọn, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìkórè Màmá ni."

Ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbá kọ́nà yìí ná."

Wọ́n gbá a, wọ́n tún gbá òmíràn. Nígbà tó rántí tó dá a padà, àlùfáà ti ń ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ìyá dáhùn, ó wúre fún un, kò dín ìwúre kù. Àmọ́ kò dúpẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó ń retí i. Ìgbà náà ló rí gèlè funfun tí wọ́n fi bo tẹlifíṣọ̀n.

Ó ní, "Màmá, ṣé ó bàjẹ́ ni?"

Ìyá ní, "Kò bàjẹ́, ọkọ mi. Jẹ́ kí wọ́n máa gbé mi lọ sí pálọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí o bá fẹ́ yí i níbẹ̀, wàá kọ́kọ́ rí ojú mi."

Ẹ̀gbọ́n ìyá kú kí ìkórè mìíràn tó dé.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin náà ń wo bọ́ọ̀lù ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rí i tí ìyá rẹ̀ na ọrùn, ọwọ́ rẹ̀ kì í lè tẹ rìmóòtù. Ó wá ra tẹlifíṣọ̀n fún gbogbo ènìyàn kí ó má baà rí wọn mọ́. Ó sì ń gba ọpẹ́ lé e lórí.

Akínwándé, o wá bá mi ní òwúrọ̀ yìí pé aláìmoore ni àwọn àbúrò rẹ. O ní láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, o ti fún olúkúlùkù ní yàrá nínú ilé bàbá náà, síbẹ̀ wọn kì í pè ọ́ láti kí ọ. Mo gbọ́. Mo sì ti gbọ́ èyí tí o kò sọ. Láti ibi yìí lo ti fi fóònù pàṣẹ pé kí àbúrò rẹ obìnrin, tó tọ́jú bàbá yín títí ó fi kú, kó jáde ní yàrá iwájú kí o lè rí ibi fi àlejò rẹ sí. O sọ ọ́ tán, o pa fóònù, o lọ jẹun. O kò rí i bó ṣe dúró sáàárín ẹrù rẹ̀.

Má sọ fún mi pé o fún un ní yàrá mìíràn. Ọkùnrin yẹn náà fún ìyá rẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n.

Ọkọ̀ ìlú yín ṣì wà ní gáréèjì. Wọ̀ ọ́ lónìí. Jókòó síwájú àbúrò rẹ, wò ó lójú dáadáa, kí o wá tún gbólóhùn tí o sọ lórí fóònù yẹn sọ. Bí ó bá ṣeé sọ, padà wá bá mi, èmi náà á bá ọ pè é ní aláìmoore.