Ẹ̀kán Tí Ìsápá Gbé Mì

Nígbà láéláé, kí ẹnu tó mọ adùn iyọ̀, ọbẹ̀ títẹ́ ni gbogbo ayé ń jẹ. Nígbà náà, funfun ni aṣọ Ìsápá, òun fúnra rẹ̀ kò sì kan rárá. Ohunkóhun tó bá fara kàn ló máa ń pa aṣọ náà láró.

Ìkòkò ni ìyá rẹ̀. Inú ìyá náà gba gbogbo ènìyàn, ìyẹn ló sì kó o sí wàhálà. Omi Eérú, tó ń bó awọ lára ẹni, bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun níbùgbé, ó gbà. Kò mọ̀ pé Omi Eérú àti Omi Kíkan, ẹni tó ń jẹ irin bí ẹní jẹ iṣu, ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ta ló lóró jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Omi Kíkan dé ẹnu Ìkòkò.

"Eérú, jáde! Bí o kò bá jáde, màá ya wọlé wá bá ọ!"

"Máa bọ̀!" ni Omi Eérú dáhùn. "Ẹni tó bá kú nínú wa, kí wọ́n sin ín!"

Ìkòkò mọ̀ pé bí àwọn méjèèjì bá pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, ooru ìjà wọn yóò fọ́ òun yángá.

"Ìsápá ọmọ mi, sá lọ," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Má jẹ́ kí àpáàdì mi bà ọ́."

Ẹ̀rù ba Ìsápá. Àmọ́ ìyá kan ṣoṣo ló ní. Ó kúnlẹ̀ níwájú Omi Kíkan.

"Ẹ kú ọ̀nà, bàbá. Nílé tiwa, àlejò tó bá jẹ́ ọmọlúàbí kì í ya wọlé. Ẹsẹ̀ kan, ìkíni kan ni. Onílé á kọ́kọ́ dáhùn kí àlejò tó gbé ẹsẹ̀ kejì."

Omi Kíkan kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Ó dáa. Ìkíni náà ni n ó fi pa á."

Sùúrù la fi ń fún wàrà kìnnìún. Ìsápá bọ́ sínú Ìkòkò láti máa ṣọ́ wọn. Bó ṣe kan Omi Eérú, aṣọ rẹ̀ di àwọ̀ ewé.

"Ẹ kú ilé o!" ni Omi Kíkan wí, ẹ̀kán kan sì já bọ́ lára rẹ̀ sínú Ìkòkò. Ó hó ṣìì. Ìkòkò kérora.

"Ẹ káàbọ̀!" Omi Eérú ń wa eyín pọ̀.

Ẹ̀kán mìíràn já. Ara Ìkòkò ń gbóná sí i. Oró ẹnu àwọn ọ̀tá méjì yìí ń pàdé, ó ń di omi lásán, ìyókù ara wọn sì ń dì mọ́ra. Wọn kò mọ̀. Ìsápá nìkan ló mọ̀, torí aṣọ rẹ̀ ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ń dúdú bọ̀ bí aró. Bí Kíkan bá fi ẹ̀kán kan ṣoṣo pọ̀ jù, òun ni yóò gba ilé, yóò sì máa jẹ Ìkòkò láti inú wá.

Aṣọ náà di elésè àlùkò: oró àwọn méjèèjì ti pa ara wọn tán.

"Ó tó!" ni Ìsápá ké. "Ìjà ti parí, bàbá!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn lára Omi Kíkan ti rọ̀ sí etí Ìkòkò. "Ó ku èmi!"

Ó já. Ìsápá fò sókè, ó la ẹnu, ó gbé e mì. Oró náà gún un dé ọkàn, aṣọ rẹ̀ sì pọ́n fòò.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Oòrùn fa omi náà gbẹ. Kò sí Kíkan mọ́, kò sí Eérú mọ́, àfi ohun funfun wẹ́wẹ́ kan nísàlẹ̀ Ìkòkò. Ìkòkò tọ́ ọ wò. Kò kan, kò bó ni lẹ́nu. Ó dùn.

"Yéè, ọmọ mi," Ìkòkò bú sẹ́kún, "o ti kan!"

"Ẹ̀yin kò fọ́, Ìyá," ni Ìsápá wí. "Ìyẹn tó mi."

Láti ọjọ́ náà ni kíkan àti eérú kì í ti í pàdé kí wọ́n má bí omi àti iyọ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni Ìsápá ti pọ́n, tó sì ń kan. Bí ẹ bá ń sè é, tí ẹ gbọ́ tí Ìkòkò ń kùn lórí iná, ẹ fi í sílẹ̀. Ìyá ń kí ọmọ rẹ̀ kú ewu ni.