Èèwọ̀ Tákàdá

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Ní ìgbà kan rí, ìyá arúgbó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Aláró ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò gbà fún un mọ́, nítorí aṣọ tó bá ti inú aró jáde wúwo púpọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó jókòó, kó máa sinmi. Ìjókòó náà sì ń dùn ún ju iṣẹ́ lọ.

Ó ní, "N ó wá ohun tó fúyẹ́ tí mo lè ya ọnà sí lára." Ó bá lọ sọ́dọ̀ Agbọ́n.

Ẹ mọ̀ pé Agbọ́n ló ń jẹ igi gbígbẹ, tó ń fi itọ́ pò ó, tó fi ń ṣe tákàdá kọ́lé. Òun lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní bébà.

"Agbọ́n, fún mi ní tákàdá."

"Mẹ́ta péré ló kù lọ́wọ́ mi, Ìyá. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn kí n tó ṣe òmíràn."

Ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò tilẹ̀ dúró gbọ́ nǹkan mìíràn. Ó kọjá sọ́dọ̀ Oyin.

"Oyin, ìda ni mo wá tọrọ, èyí tí aró kì í gbà kọjá."

Ẹnu ya Oyin. "Ìda kẹ̀? Oyin ni gbogbo yín máa ń wá jí. Ẹnìkan ò tíì tọrọ ìda rí." Inú rẹ̀ dùn, ó kó afárá gbígbẹ fún un kún igbá.

"Oyin ò ta á?" Ìṣọ̀lá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́, ló béèrè.

"Ta ni í ta ẹni tó tọrọ? Ìwọ tí o ń jí ẹran nínú ìṣasùn ni kó o máa bẹ̀rù."

Àwẹ̀ró délé, ó yọ́ ìda, ó fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára tákàdá kìíní, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìkòkò aró bí ẹni ń rẹ aṣọ. Nígbà tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ògì ló bá níbẹ̀.

Ó mú èkejì. Kò rì í mọ́, ìyẹ́ ló fi ń pa aró sí i lára. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọwọ́ aláró kì í gbàgbé: ó sọ ọ́ sínú omi gbígbóná kí ìda lè yọ. Ìyẹn náà di ògì.

"Ó mà ṣe o," ni àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ wí.

Àwẹ̀ró sunkún. Ẹyọ kan ló kù. Bí ìyẹn bá tún lọ, ó di ìjókòó nìyẹn. Ó bá mú un padà tọ Agbọ́n lọ.

Agbọ́n ní, "Ìyá, ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ẹ ò béèrè èèwọ̀ rẹ̀."

"Mo ti ń rẹ aṣọ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ."

"Aṣọ kọ́ nìyí. Ìwẹ̀ ni èèwọ̀ rẹ̀. Ooru gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi yọ ìda lára rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ó délé, ó ya ọnà, ó pa aró, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó fi àkísà méjì há a láàárín, ó gbé àpáàdì gbígbóná lé e. Àkísà mu ìda tán, ọnà funfun sì yọ lára aró.

Ó ń gbé e jáde lọ fi han Agbọ́n, ni àkọ́bí rẹ̀, Adédigba, bá sáré wá.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"Gbé kí ni?" Ìka méjì ni Àwẹ̀ró fi mú un, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ó sì rìn kọjá lára ọmọ rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o: bó ti wù kí iṣẹ́ pẹ́ lọ́wọ́ wa tó, ohun tuntun ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹ máa béèrè.

Ibi tí mo bá àlọ́ yìí ni mo fi í sí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ dìde, ẹ lọ tẹ́ ẹní yín.