Ìrètí Tó Mú Ọkọ́ Dání

Bàbá àgbẹ̀ kan wà ní abúlé olókè kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, Fadérera, ní jàǹbá ọkọ̀ nílùú òkèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Nígbà tí ilé ìwòsàn fi í sílẹ̀, ó ránṣẹ́ pé òun yóò wálé láìpẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti gbé àpótí síta. Bílẹ̀ bá ti mọ́, yóò jókòó, yóò kọjú sí ọ̀nà. Oṣù kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e. Ọmọ kò dé, ọkàn bàbá sì ń rẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí i, ó sì béèrè ohun tó ń ṣe níta. Bàbá ní òun ń retí ọmọ òun.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ló fi ń rìn báyìí. Ibo ni kẹ̀kẹ́ yóò gbà? Ọ̀gbàrá ti wa ọ̀nà yín jìn, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló sì wà lẹ́nu ilé rẹ. Dídúró lò ń dúró, àbúrò mi. O ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta dí kòtò. Àwọn aládùúgbò tó ti ń káàánú rẹ̀ wá bá a ṣe é. Wọ́n wó àtẹ̀gùn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ojú ọ̀nà tó rọra dagẹ̀rẹ̀ dípò rẹ̀. Kò ráyè wo ọ̀nà mọ́, ṣùgbọ́n ó ń rí oorun sùn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ó ránṣẹ́ sí Fadérera pé ilé ti ṣeé wọ̀. Ọmọ náà sunkún. Ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò láti oṣù méjì. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọn yóò máa pọ̀n ọ́n sẹ́yìn wọlé bí ọmọ ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló dé. Bàbá fẹ́ bá a ti kẹ̀kẹ́, ọmọ ní kó fi òun sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́ dé inú yàrá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ẹ bi mí ní kíláàsì èdè Gẹ̀ẹ́sì lánàá, pé kí ló dé tí òyìnbó fi ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ fún dídúró de ohun tí kò tíì dé: èdè tiwa náà mọ ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó ń dúró de nǹkan lè jókòó. Ẹni tó ń fojú sọ́nà fún un, inú rẹ̀ ń dùn. Ẹni tó ń múra dè é, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀ ń retí ìdánwò oṣù kọkànlá. Mo gbà yín gbọ́, ẹ ó sì yege. Ẹ lọ ṣí ìwé yín lónìí.