Ohùn Tó Lọ, Ohùn Tó Bọ̀

Nínú gbogbo atukọ̀ Ìdí-Àpáta, kò sí ẹni tí ohùn rẹ̀ le tó ti Láṣebìkan. Bó bá ké létí odò níhìn-ín, ará òdìkejì á gbọ́. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìrọbí mú Ayọ̀ká ìyàwó rẹ̀. Òdìkejì odò ni agbẹ̀bí ń gbé, ìkùukùu sì ti bo omi pátápátá. Àpáta ńlá tó wà láàárín odò ti fọ́ ọkọ̀ mẹ́ta lọ́dún náà. Láṣebìkan gbé Ayọ̀ká sínú ọkọ̀. Ìyá Ẹfúnṣọlá, àgbà atukọ̀ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, wọ ọkọ̀ tẹ̀lé wọn láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Láṣebìkan bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kí ohùn rẹ̀ lè lu àpáta kó sì padà, kó lè mọ ibi tí àpáta wà. Ó ń ké sọ́tùn-ún, ó ń ké sósì, kò sinmi, àjẹ̀ rẹ̀ sì ń lu omi. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

“Ìyá, bóyá ohùn mi ni kò tó.”

“Ohùn rẹ tó, ẹnu rẹ ni kò sinmi. Ohùn á rẹlẹ̀ bó bá ń lọ, á tún rẹlẹ̀ bó bá ń bọ̀. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù, etí ló ń mú un. Gbé àjẹ̀ sókè. Ayọ̀ká ọmọ mi, jọ̀ọ́, mú un mọ́ra díẹ̀.”

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó kọjú síbì kan ṣoṣo, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ohùn tínrín kan dáhùn kíá.

“Igi tó wó sómi nìyẹn. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ wa. Yà fún un.”

Ó yíjú díẹ̀, ó tún ké. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kí ohùn tó padà, ṣùgbọ́n ó nípọn.

“Àpáta rèé. Ó tóbi, ó ṣì jìnnà. Gba apá òsì.”

Ọdún mọ́kànlá ni Láṣebìkan ti ń tukọ̀, kò rí irú èyí rí. Orí rẹ̀ wú fún arúgbó yìí. Nígbà tó ṣe, àpáta yọ lápá ọ̀tún, wọ́n sì kọjá lára rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ayọ̀ká bí ọmọbìnrin lọ́dọ̀ agbẹ̀bí kí ìkùukùu tó ká. Láṣebìkan sáré lọ sétí omi, ó fi ọwọ́ ká ẹnu, ó ké ìròyìn náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Láti inú ìkùukùu, ohùn ìyá tó bí i, tó dúró sílé ní Ìdí-Àpáta, dáhùn fẹ́ẹ́rẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà létí odò náà fi ń pa á lówe pé: ẹni tó mọ igbe í ké tí kò mọ etí í tẹ́, ara rẹ̀ ló ń pè.